Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Lẹ́ńtì: bí páríìṣì ṣe ń múra de Ọjọ́rú Eérú láìsí ìsáré alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ páríìṣì Kátólíìkì n'Íbàdàn. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ọjọ́rú Eérú, tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì tó ṣáájú Àjíǹde ń bẹ̀rẹ̀, ku ọ̀la, ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá imọ̀ ọ̀pẹ kiri. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí, wọn á da kẹrosíìnì lé e lórí, wọn á ṣáná sí i. Tí ilẹ̀ bá mọ́, eérú náà kò ní kúnná, á máa rùn, á sì máa já bọ́ sójú ẹni tí wọ́n bá fi sàmì sí níwájú orí. Níbi ìjẹ́wọ́, ìlà á ti gùn dé ẹnu géètì, Fadá kan ṣoṣo ló sì jókòó. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, akọrin tó pa Alelúyà mọ́ ṣáájú Ìhìn Rere, torí a kì í kọ ọ́ nínú Lẹ́ńtì, á gbàgbé, á fi ìlù àti ijó gbé e jáde nígbà ọrẹ.

Ohun tó fà á kò ju pé a máa ń pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìsìn àtijọ́ ya ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta sọ́tọ̀ ṣáájú Lẹ́ńtì, Septuagesima, Sexagesima àti Quinquagesima, kí ọkàn èèyàn àti ilé ìsìn lè yí padà díẹ̀díẹ̀. Àtúnṣe kàlẹ́ńdà ọdún 1969 yọ wọ́n kúrò nínú Mísà tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nínú ìwé Mísà 1962, ìyẹn ìwé ìsìn àtijọ́. Páríìṣì tó ń lo ìwé tuntun, èyí tó tẹ̀lé àtúnṣe yẹn, náà lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣiṣẹ́ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú Mísà. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú sákirísítì, yàrá tí a ń kó aṣọ àti ohun èlò Mísà sí, ẹ̀yin kátékíìsì, ọ̀gá akọrin àti olórí ẹgbẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àṣẹ Fadá. Láìsí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.
- Kàlẹ́ńdà ọdún náà, àti pẹ́ńsùlù.
- Apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì, ọ̀kan fún imọ̀ ọ̀pẹ, èkejì fún ohun tí àwọn èèyàn máa kó wá tí kì í ṣe imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n máa kó o wá.
- Agbada irin tàbí ìkòkò irin tó ní ìdérí.
- Odó tàbí ọlọ tí wọn kò fi lọ ata rí.
- Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, tó mọ́, tó gbẹ.
- Ìgò onídèérí, garawa iyanrìn kan, garawa omi kan.
- Òróró ólífì díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ, bí Fadá yín bá fẹ́ kí eérú lẹ̀ dáadáa.

1. Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti Àjíǹde

Ẹ wá ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, kí ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko, ìyẹn ọjọ́ 63. Septuagesima nìyẹn. Tí ẹ bá padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 56, Sexagesima ni. Ọjọ́ 49 ni ti Quinquagesima. Ọjọ́ 46 sì ni ti Ọjọ́rú Eérú.

Ẹ jẹ́ ká fi 2027 ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ni Àjíǹde máa bọ́ sí. Septuagesima á jẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kìíní, Sexagesima ọjọ́ 31 oṣù kìíní, Quinquagesima ọjọ́ 7 oṣù kejì, Ọjọ́rú Eérú ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ní 2028, Àjíǹde sún sí ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, nítorí náà Septuagesima kò ní dé títí di ọjọ́ 13 oṣù kejì, Ọjọ́rú Eérú á sì jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ ọdún tó kọjá ṣe ìmúrasílẹ̀ ti ọdún yìí máa já sí kòtò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n máa ń ka ọjọ́ Àjíǹde fúnra rẹ̀ mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹ má kà á. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láti Quinquagesima sí Ọjọ́rú Eérú gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un kà.

2. Ẹ mọ irú Mísà tí ẹ ń ṣe

Ibí yìí ni àwọn tó fẹ́ràn ìsìn àtijọ́ ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú páríìṣì. Wọ́n á kà nípa Septuagesima, wọ́n á sì fẹ́ kí Fadá wọ aṣọ elésè àlùkò ní ọjọ́ Ìsinmi kejì. Ẹ ṣe sùúrù.

Tí ó bá jẹ́ ìwé Mísà tuntun ni páríìṣì yín ń lò, yálà ẹ wà ní Kàtídírà St Mary ní Òkè-Padre tàbí ní ìjọ kékeré kan lẹ́yìn Mọ́níyà, aṣọ àwọ̀ ewé ni Fadá ń wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ó máa kọ Glóríà, orin “Ògo fún Ọlọ́run”, ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó sì máa kọ Alelúyà. Ọjọ́rú Eérú gan-an ni ohun gbogbo máa yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ Alelúyà kúrò ṣáájú ọjọ́ yẹn ti ṣe ohun tí kò láṣẹ láti ṣe.

Tí ó bá jẹ́ ìwé 1962 ni, àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ wà lókè. Láti ìgbà tí Póòpù Francis ti gbé Traditionis Custodes, ìwé àṣẹ lórí lílo ìsìn àtijọ́, jáde ní 2021, kò sí Fadá tó lè ṣe é láìgba àṣẹ. Níbi tí àṣẹ bá ti wà, aṣọ elésè àlùkò bẹ̀rẹ̀ láti Septuagesima. Wọn kì í kọ Glóríà ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orin ẹsẹ Sáàmù gígùn tí wọ́n ń pè ní Tract ló ń gba ipò Alelúyà ṣáájú Ìhìn Rere. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni pé tí àjọ̀dún ẹni mímọ́ bá bọ́ sí ààrin ọ̀sẹ̀, wọ́n lè kọ Glóríà rẹ̀, Fadá á sì wọ àwọ̀ àjọ̀dún náà, ṣùgbọ́n Alelúyà kò ní padà wá. Bí àpẹẹrẹ, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2027, tí a ó yà àbẹ́là sí mímọ́, aṣọ funfun ni, Glóríà wà, Alelúyà kò sí.

Ọgbọ́n kan wà tí páríìṣì méjèèjì lè dá. Ìwé kíkà àtijọ́ fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta yẹn dára púpọ̀ fún àdúrà ìdílé àti ìpàdé àwọn zone, ìyẹn ẹ̀ka páríìṣì ní àdúgbò. Septuagesima ka ti àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà, Mátíù 20:1-16. Sexagesima ka ti afúnrúgbìn, Lúùkù 8:4-15. Quinquagesima ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 13 nípa ìfẹ́, àti Lúùkù 18:31-43 nípa afọ́jú ẹ̀bá Jẹ́ríkò tó ń kígbe tí wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́. Ẹ kà wọ́n nílé, ẹ fi ti Mísà sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi máa ń rò pé ti afọ́jú yẹn ló bá wa mu jù, nítorí ṣáájú Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ wa kò tíì mọ ohun tí a fẹ́ bẹ Jésù pé kó ṣe fún wa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bi ọ̀gá akọrin, ẹni tó ń tọ́jú sákirísítì àti olórí àwọn ọmọ tó ń sìn nídìí pẹpẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọjọ́ wo ni Alelúyà máa kẹ́yìn? Tí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, ẹ kò tíì parí ìgbésẹ̀ yìí.

3. Ẹ gba imọ̀ ọ̀pẹ ọdún tó kọjá jọ

Imọ̀ ọ̀pẹ tí a yà sí mímọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni a fi ń ṣe eérú. Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà: lẹ́yìn àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù ní pálọ̀, lórí ìlẹ̀kùn, nínú Bíbélì, lára dígí ọkọ̀ Micra tí àwọn awakọ̀ wa ń gbé kiri. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti pọ́n, àwọn onílé kò sì mọ ibi tí wọ́n lè jù wọ́n sí torí wọ́n jẹ́ ohun mímọ́. Inú wọn á dùn tí ẹ bá ní kí wọ́n kó wọn wá.

Láti Septuagesima ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìfilọ̀, nínú gbogbo Mísà. Tí ẹ bá ní Mísà Yorùbá láàárọ̀ kùtù, ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀ àti ti Ígbò ní ọ̀sán, ẹ ṣe ìfilọ̀ náà ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ìfilọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí imọ̀ ọ̀pẹ ọdún mẹ́ta wà lórí ìlẹ̀kùn rẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta.* Àkọ́kọ́, ẹnìkan á gé imọ̀ tútù wá láti oko. Kò tíì jẹ́ ohun mímọ́, èéfín lásán ló máa rú. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìkejì, wọ́n á kó rosárì tó já àti àwòrán tó ya wá. Apẹ̀rẹ̀ kejì ni tiwọn. A lè sun èyí tó jẹ́ bébà tàbí igi lọ́tọ̀, a sì lè rì wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n rosárì oníke kò gbọ́dọ̀ wọ inú iná eérú. Ìkẹta, àwọn tó hun imọ̀ wọn ní àgbélébùú á ti fi ríbọ́ọ̀nù, sẹ́lótéèpù tàbí okùn náílọ́ọ̀nù dì í. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí dára fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kátékísìmù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò* ní Sexagesima: imọ̀ tó kún àpò ṣìmẹ́ńtì kan á di eérú díẹ̀ tí kò ní ju ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ. Tí apẹ̀rẹ̀ yín kò bá tíì kún, ẹ ránṣẹ́ sí páríìṣì tó sún mọ́ yín nísinsìnyí, nígbà tí ààyè ṣì wà.

4. Ẹ sun ún, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Quinquagesima ló dára jù. Ẹ ṣe é láàárọ̀, kí atẹ́gùn tó dìde. Ọyẹ́ lè ti ń lọ, ṣùgbọ́n koríko Ìbàdàn ṣì gbẹ lákòókò yìí, iná kékeré lè di iná igbó. Ẹ gbé agbada sórí ilẹ̀ tó mọ́, tó jìnnà sí koríko àti mọ́tò, kí garawa iyanrìn àti omi wà nítòsí.

Kí ẹ tó sun ún, ẹ fa ewé kúrò lára ọ̀pá inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló máa ń di ẹ̀yin iná wẹ́wẹ́ tó le, tí odó kò ní lè lọ̀ dáadáa, tó sì máa ń ha awọ èèyàn. Ewé nìkan ni kó wọ agbada.

Àjẹkù àbẹ́là ni kí ẹ fi ṣáná. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má sì dán pẹtiróòlù wò. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò nínú eérú, kò sì dára kó kan awọ ara. Imọ̀ tó ti lo ọdún kan lórí ìlẹ̀kùn kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan láti jó. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, torí tí ẹ bá dà á sí i lápapọ̀, ọwọ́ iná á ga ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ibí ni ọgbọ́n wà. Tí iná bá rẹlẹ̀ tí ewé sì ti dúdú, ẹ ní ìpinnu láti ṣe. Tí ẹ bá dé e ní ìdérí lójú ẹsẹ̀, á dúdú bí èédú. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa jó títí, á funfun. Àwọn ìwé òyìnbó sábà máa ń yin eérú dúdú, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú tiwa, eérú dúdú kirikiri kì í hàn. Eérú funfun gbáà náà kò dára: ó fúyẹ́, ó máa ń fò lọ, ó sì ń ta awọ jù. Ẹ dé e nígbà tí dúdú rẹ̀ ṣì pọ̀ ṣùgbọ́n tí funfun ti ń yọ lára rẹ̀. Àwọ̀ bíi ti òjò tó ṣú ni ẹ ń wá.

Ẹ fi sílẹ̀ nínú agbada pẹ̀lú ìdérí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin iná lè fara pamọ́ sínú eérú fún wákàtí púpọ̀. *Ẹ má dà á sínú abọ́ oníke tàbí náílọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà.* Kí ẹ tó dà á, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí òkè rẹ̀. Tí ìgbóná kankan bá wà, ẹ padà sílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́ nínú odó tàbí lórí ọlọ. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ata. Ata tí ojú kò rí nínú ọlọ máa di ohun tí ojú á fi sunkún ní Ọjọ́rú, omijé yẹn kò sì ní jẹ́ ti ìrònúpìwàdà. Ẹ fi aṣọ ògì sẹ́ ẹ, ẹ tún èyí tó ṣẹ́kù lọ̀, ẹ tún un sẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ dé e, ẹ kọ “Eérú” sí i lára.

Ọ̀rọ̀ omi wá kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú mọ agbára omi eérú. Ó máa ń bó ọwọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ kò yàtọ̀. Omi mímọ́ díẹ̀ tí Fadá máa wọ́n sí i nígbà tó bá ń bù kún un kò léwu, ìwé Mísà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ẹnìkan po eérú mọ́ omi bí àmàlà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó fi sílẹ̀ di àárọ̀, kí ó wá di ohun tó ń jó ọmọ kékeré níwájú orí. Tí ẹ bá fẹ́ kó lẹ̀, ẹ kán òróró ólífì díẹ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òróró oúnjẹ lásán ni o. Òróró mímọ́ inú sákirísítì kò sí fún irú iṣẹ́ yìí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi àtàǹpàkò mú eérú, ẹ fi ya àgbélébùú sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara yín, ẹ fẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ hàn láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ha ara.

5. Ẹ dágbére fún Alelúyà

Nínú ìsìn àtijọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Septuagesima ni wọ́n ti ń dágbére, ní ìparí Vespers, ìyẹn àdúrà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá fi Alelúyà méjì kún “Benedicamus Domino” (Ẹ jẹ́ ká fi ìyìn fún Olúwa), tí ìjọ náà sì fi méjì dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò tún gbọ́ ọ mọ́ títí di òru Àjíǹde. Fún páríìṣì tó ń lo ìwé tuntun, ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni ẹ ó ti dágbére. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí kò ní rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú dùndún àti ṣẹ́kẹ́rẹ́, kó dùn dọ́ba.

Ní ayé àtijọ́ àwọn ìjọ kan ní Yúróòpù máa ń sin Alelúyà bí òkú. Tí Fadá bá gbà, ẹ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ALELÚYÀ sórí aṣọ, kí wọ́n ká a sínú àpótí lẹ́yìn Mísà, kí wọ́n gbé e pamọ́ sí sákirísítì títí di Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi: ẹ má ṣe pósí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún èké. Ìsìnkú kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ wa. Àpótí lásán tó.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù wà lọ́wọ́ akọrin. Alelúyà ṣáájú Ìhìn Rere rọrùn láti yọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ibòmíràn ló máa ń yọ́ wọlé gbà. Ó máa ń wà nínú orin ọrẹ, pàápàá àwọn orin kúkúrú tí a ń tún kọ léraléra bí èèyàn ṣe ń jó lọ síwájú. Ó máa ń wà nínú orin ọpẹ́ lẹ́yìn Kọmúníọ̀nù. Èyí tó tún burú jù kì í ti ọ̀dọ̀ akọrin wá rárá: ẹni tó ń ṣe ìfilọ̀ á gba máíkì, á ní “Ẹ yin Olúwa!”, gbogbo ìjọ á sì dáhùn “Alelúyà!” ní ọjọ́ Ìsinmi kejì Lẹ́ńtì, láìmọ̀ pé wọ́n ti tú u sílẹ̀.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ Sexagesima, kí ọ̀gá akọrin mú pẹ́ńsùlù, kó jókòó ti ìwé orin láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Gbogbo orin tí Alelúyà wà nínú rẹ̀, kó fa ilà sí i létí. Kó kọ orúkọ orin Lẹ́ńtì tó máa gba ipò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fún ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀dà kan, torí òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ orin tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ẹni tó ń ṣe ìfilọ̀, ẹ fún un ní ìkíni mìíràn: “Ìyìn ni fún Jésù Kristi”, kí ìjọ dáhùn “Láé àti láéláé, Àmín.” Ẹ kọ́ ìjọ ní ìdáhùn náà ṣáájú Lẹ́ńtì, kì í ṣe lójijì.

Ní ti ìgbóríyìn ṣáájú Ìhìn Rere, “Ìyìn fún ọ, Olúwa Jésù Kristi, Ọba ògo àìnípẹ̀kun” wà nínú àwọn tí ìwé tuntun fàyè gbà nínú Lẹ́ńtì. Ó sún mọ́ “Laus tibi, Domine, Rex aeternae gloriae” tí àwọn ará àtijọ́ fi rọ́pò Alelúyà nínú àdúrà wákàtí wọn. Ẹ kọ́ ọ ní ohùn kan tó rọrùn, kí ẹ sì dì í mú fún gbogbo ọ̀sẹ̀ Lẹ́ńtì. Páríìṣì tó ń yí ohùn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á gbọ́ akọrin nìkan.

Ohun èlò orin ńkọ́? Nínú Lẹ́ńtì, wọ́n wà láti gbé orin ró nìkan. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin àti àwọn àjọ̀dún ńlá bíi ti Jósẹ́fù Mímọ́ ni a yọ sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ìdánrawò tó kẹ́yìn ṣáájú Ọjọ́rú, ẹ kọ gbogbo orin ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ Lẹ́ńtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnìkan jókòó ní ẹ̀yìn láti máa gbọ́. Tó bá gbọ́ Alelúyà ẹyọ kan, ẹ tún un ṣe.

6. Aṣọ àti òdòdó

Kíákíá ni èyí. Ẹ kó aṣọ elésè àlùkò jáde ní ọ̀sẹ̀ Septuagesima, ẹ wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti ń hù, ẹ sá a sí òjìji. Tí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ tuntun ní Gbági tàbí Dùgbẹ̀, ẹ gbé e jáde sínú oòrùn kí ẹ tó sanwó; iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ àwọ̀ pupa di elésè àlùkò. Ẹ ya ti aláwọ̀ òdòdó rósì sọ́tọ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi kẹrin.

Òdòdó kúrò lórí pẹpẹ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. *Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n máa ń fi aṣọ bo àwọn ère ní Ọjọ́rú Eérú. Kò tíì tó àkókò. Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún Lẹ́ńtì ni a tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

7. Ìjẹ́wọ́

Ẹ bá Fadá jókòó ní ọ̀sẹ̀ Septuagesima, kí ẹ yan ìrọ̀lẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ láàrin Sexagesima àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ fi í sí àkókò tí àwọn tó ń ti ọjà Bódìjà tàbí Ìwó Road bọ̀ lè dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò bá oníṣòwò kankan mu. Ẹ ránṣẹ́ pe Fadá láti páríìṣì tó wà ní tòsí, kí ẹ sì bèèrè èdè tí wọ́n gbọ́. Ìyá àgbà tó fẹ́ jẹ́wọ́ ní Yorùbá kò yẹ kó wá bá Fadá tí kò gbọ́ ọ. Ẹ lẹ èdè Fadá kọ̀ọ̀kan mọ́ ìjókòó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìlà jìnnà sí ìjókòó tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò ní lè gbọ́ nǹkan kan. Ẹ yẹ máíkì ara Fadá wò fúnra yín. Máíkì tó bá wà ní títàn nínú ìjẹ́wọ́ jẹ́ ohun tí ìjọ kan kì í gbàgbé. Àti pé ẹ má kọ orúkọ àwọn tó wá sílẹ̀, kí olórí zone má sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí ìlà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá kúrú ju ti ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ, ìfilọ̀ yín ti dé etí.

8. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jẹ ẹran tó wà nílé. Ọjọ́rú, kò sí ẹran fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14. Àwọn tó wà láàrin ọdún 18 àti 59 ń gba àwẹ̀: oúnjẹ kíkún kan, àti díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò tó oúnjẹ kíkún kan tí a bá pa wọ́n pọ̀. Òfin yìí kò kan ẹja, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹja àrọ̀ ńlá rọ́pò ẹran ti tan ara rẹ̀. Kí aláìsàn àti aboyún bá Fadá sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Fún pínpín eérú, ẹ bu u sínú abọ́ kékeré, ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tó máa pín. Nínú ìwé tuntun, lẹ́yìn ìwàásù ni a ń pín in. Nínú ìwé 1962, ṣáájú Mísà ni. Ẹ pa fáànù tó wà nítòsí pẹpẹ. Kò sí ẹni tó máa rántí èyí àfi ìgbà tí abọ́ eérú bá ti fò lọ sórí aṣọ funfun àwọn ọmọ tó ń sìn.

Àwọn tó ń tọ́jú èrò ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n máa sọ fún àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lórí ìlà pé kí wọ́n ti gèlè sẹ́yìn díẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì ṣí fìlà. Fadá tó bá ń dúró kí ìyá kan tú gèlè níwájú rẹ̀ máa lo wákàtí kan sí i. Ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ gé sí méjì, búrẹ́dì díẹ̀ àti abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ fún ìka àwọn tó pín eérú. Omi nìkan kì í bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìsàmì náà dún ní èdè tí ẹni náà gbọ́. Èyí tó ti inú Jẹ́nẹ́sísì wá, pé erùpẹ̀ ni wá, erùpẹ̀ la ó sì padà sí, wúwo púpọ̀ lẹ́nu Fadá tó bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn Mísà, ẹ wo orí àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àmì náà gbọ́dọ̀ ṣì wà, kò gbọ́dọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń nu ojú.

Eérú tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sí ilé ìdọ̀tí, ẹ má sì dà á sí sínkì tó ń lọ sí gọ́tà. Ẹ gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ń tẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ fọ abọ́ náà, kí omi rẹ̀ lọ sínú ihò kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọjọ́ Septuagesima ọdún tó ń bọ̀ sí ara kàlẹ́ńdà sákirísítì.